Mẹ́kà, Jẹ́dà àti Ìdíje Ìṣọ̀kan Ìsìláàmù Àkọ́kọ́

Ní oṣù Kẹrin ọdún 2005, ìlú Mẹ́kà gbàlejò Ìdíje Eré Ìdárayá Ìṣọ̀kan Ìsìláàmù àkọ́kọ́ pẹ̀lú àwọn ìlú mìíràn ní Saudí Arábíà, lára wọn ni Jẹ́dà, tí Kálífà Uthman ti sọ di èbúté Mẹ́kà láti ọdún 647. Ọkùnrin nìkan ni ó kópa, nítorí pé àwọn obìnrin ti ní ìdíje tiwọn ní Tehran láti ọdún 1993. Òfin kò gba ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí láyè láti wọ Mẹ́kà, bẹ́ẹ̀ ni ìdíje náà ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ọmọ àwọn orílẹ̀-èdè tó ń kópa, ẹ̀sìn yòówù kí wọ́n máa ṣe. Ìwúlò Jẹ́dà, tí kò ní irú òfin bẹ́ẹ̀, kò fara sin rárá.

Bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá, ìwẹ̀ odò àti gbígbé irin wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n eré kẹ̀kẹ́ kò sí. Èyí kò yani lẹ́nu ní ti BMX, ìyẹn eré tí ẹni mẹ́jọ ti máa ń fi kẹ̀kẹ́ kékeré figagbága lórí ọ̀nà olókìtì, nítorí pé kò tíì wọ Òlíńpíìkì nígbà náà: ọdún 2008 ni Māris Štrombergs, ọmọ Latvia, gba góòlù àkọ́kọ́ ti ọkùnrin ní Beijing. Tehran ni ó yẹ kó gba ìdíje kejì, àmọ́ àríyànjiyàn lórí orúkọ òkun tó wà láàárín Iran àti àwọn Lárúbáwá ni ó fagi lé e. Ìgbà tí ìdíje dé Konya, ní Túkì, ní ọdún 2022, ni àwọn eléré kẹ̀kẹ́ tó ráyè.