Ínṣọ́ránsì Ti Sanwó Ọkọ̀ Tó Ní Jàǹbá: Kí Lẹ Fẹ́ Fi Owó Náà Ṣe?

Tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ínṣọ́ránsì ọkọ̀ ní Nàìjíríà, orí bí ọlọ́pàá kò ṣe ní dá wa dúró lójú ọ̀nà ni ọ̀rọ̀ sábà máa ń parí sí. Ìwọ̀nba èèyàn ló ń débi tí ilé iṣẹ́ adójútòfò á ti sanwó fún wọn. Ẹni tó bá wá débẹ̀, ìbéèrè tuntun ló máa bá pàdé: ṣé kí n tún ọkọ̀ náà ṣe ni, àbí kí n tà á bó ṣe wà, kí n fi owó lé owó ra òmíràn? Kó tó dáhùn, lánlọ́ọ̀dù ti kan ilẹ̀kùn, owó iléèwé ọmọ ti tó san, ẹ̀gbọ́n sì ti gbọ́ pé alẹ́ẹ̀tì wọlé.

Mo kọ èyí fún ẹni tó wà ní irú ipò yẹn, àti fún ẹni tí kò tíì débẹ̀ àmọ́ tó ń wakọ̀ lójoojúmọ́.

Irú ínṣọ́ránsì wo ló sanwó?

Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀. Àkọ́kọ́ ni third party, èyí tí òfin sọ di dandan fún gbogbo ọkọ̀ tó bá ń rìn lójú pópó. Láti oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ ọdún 2023, ₦15,000 lọ́dún ni wọ́n ń gbà lórí ọkọ̀ àdáni. ₦5,000 ni tẹ́lẹ̀. Ohun tí ẹ bá bàjẹ́ fún ẹlòmíràn nìkan ló ń san, kò sì ju ₦3,000,000 lọ lórí dúkìá tí ọkọ̀ àdáni bá bàjẹ́. Kò ní san kọ́bọ̀ lórí ọkọ̀ tiyín. Èkejì ni comprehensive, èyí tó ń tún tiyín náà ṣe, tó sì ń san owó tí wọ́n bá jí ọkọ̀ gbé tàbí tó bá jóná.

Nítorí náà, tí owó bá tẹ̀ yín lọ́wọ́, ó lè wá láti ọ̀nà méjì: yálà ilé iṣẹ́ tiyín ló san án nítorí pé comprehensive lẹ ní, tàbí ilé iṣẹ́ ẹni tó gbá yín ló san án nítorí third party tiẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ ọ̀nà kejì yìí. Wọ́n á kàn bá dírẹ́bà tó gbá wọn jà lójú títì, wọ́n á gba ₦30,000 lọ́wọ́ ẹ̀, wọ́n á máa lọ. Ẹ gba nọ́ńbà ọkọ̀ ẹ̀ àti orúkọ ilé iṣẹ́ adójútòfò ẹ̀, kí ẹ sì lọ gba ìwé ọlọ́pàá. Tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ojúlówó ni ìwé ẹ̀, ẹ tẹ *565*11# lórí fóònù, tàbí kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lórí askniid.org.

Ẹ kíyè sí i: ẹ kò lè gba owó kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Tí ilé iṣẹ́ tiyín bá ti tún ọkọ̀ ṣe fún yín, àwọn ló ní ẹ̀tọ́ láti bá ẹni tó gbá yín sọ̀rọ̀ owó. Tí ẹ bá ti gba owó lọ́wọ́ ẹ̀ lójú títì, tí ẹ tún fọwọ́ síwèé pé ó parí síbẹ̀, ilé iṣẹ́ tiyín lè sọ pé ẹ ti ba ọ̀rọ̀ jẹ́ mọ́ àwọn lọ́wọ́.

Kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé ìgbowó

Kí owó tó wọlé, wọ́n máa ń fún èèyàn ní ìwé kan tí wọ́n ń pè ní discharge voucher. Ohun tó wà nínú ẹ̀ ni pé iye yìí tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ kò sì ní padà wá béèrè òmíràn lórí jàǹbá yẹn. Ẹni tó bá fọwọ́ sí i kí mekáníìkì tó tú ọkọ̀ wò, tó wá rí i lẹ́yìn náà pé gíà náà ti fọ́, àpò ara ẹ̀ ló máa ti san án.

Ẹ béèrè ìbéèrè mẹ́ta. Àkọ́kọ́, èló ni excess, ìyẹn apá tí ẹ̀yin fúnra yín máa dá nínú owó àtúnṣe? Èkejì, ṣé wọ́n yọ owó nítorí pé ẹ̀yà ara ọkọ̀ náà ti gbó? Ẹ̀kẹta, iye wo lẹ kọ pé ọkọ̀ náà tó nígbà tí ẹ ń ra ínṣọ́ránsì?

Ìbéèrè kẹta yìí ló ń dun èèyàn jù láti ìgbà tí náírà ti já wálẹ̀ lọ́dún 2023. Ọkọ̀ tí ẹ kọ sílẹ̀ ní ₦4,000,000 lè ti di ₦8,000,000 lọ́jà lónìí. Tí gbólóhùn tí wọ́n ń pè ní average bá wà nínú àdéhùn yín, ìdajì iye ọkọ̀ lẹ dójútòfò sí, ìdajì òfò náà ni wọ́n á san. Àtúnṣe ₦1,000,000 á di ₦500,000, kí wọ́n tó tún yọ excess. Lọ́dọọdún tí ẹ bá ń sọ ìwé dọ̀tun, ẹ tún iye ọkọ̀ kọ.

Ta ló ni owó náà gan-an?

Tí ilé iṣẹ́ bá gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ mekáníìkì tí wọ́n fọkàn tán, mekáníìkì ni wọ́n máa sanwó fún, kò sí pé ẹ ń ronú ohun tí ẹ máa fi ṣe. Tí wọ́n bá gbà láti kó owó fún yín dípò àtúnṣe, ìgbà yẹn ni ìpinnu wà lọ́wọ́ yín. Àmọ́ tó bá jẹ́ owó tí ẹ yá ní báńkì lẹ fi ra ọkọ̀, ó ṣeé ṣe kí orúkọ báńkì wà nínú ìwé ínṣọ́ránsì gẹ́gẹ́ bí ẹni tó kọ́kọ́ máa gbowó.

Àbúrò mi kan tó ń fi ọkọ̀ gbé èrò lórí áàpù ní Sùúrùlérè rí èyí lójú ayé. Ọkọ̀ tó ń san díẹ̀díẹ̀ fún onílé-ọkọ̀ ni. Ó ti san ju ìdajì lọ kí jàǹbá tó ba ọkọ̀ náà jẹ́ pátápátá. Orúkọ onílé-ọkọ̀ ló wà nínú ìwé, ọ̀dọ̀ ẹni yẹn ni gbogbo owó lọ. Àdéhùn wọn kò sì sọ nǹkan kan nípa ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tí ínṣọ́ránsì bá sanwó. Tí ẹ bá ń wa irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí gbólóhùn kan nípa èyí wà nínú àdéhùn yín kí ẹ tó gba kọ́kọ́rọ́. Ẹ tún rí i pé iṣẹ́ ìgbèrò ni wọ́n kọ síwèé ínṣọ́ránsì. Tó bá jẹ́ ìlò àdáni ni wọ́n kọ, wọ́n lè kọ̀ láti san.

Ṣé kí n tún un ṣe, àbí kí n tà á?

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ká sọ pé ₦5,000,000 lọkọ̀ náà tó kó tó ní jàǹbá. Ínṣọ́ránsì san ₦1,300,000. Mekáníìkì ní ₦1,700,000 ni àtúnṣe máa jẹ. Àwọn tó ń ra ọkọ̀ jàǹbá ní àwọn máa san ₦2,600,000 bó ṣe wà. Tí ẹ bá tún un ṣe tán, nítorí pé ọjà mọ̀ pé ó ti ní jàǹbá rí, ká ní ₦4,500,000 ló máa tà.

Tí ẹ bá tún un ṣe, ẹ máa fi ₦400,000 kún owó ínṣọ́ránsì. Ọkọ̀ ₦4,500,000 ló máa wà lọ́wọ́ yín. Yọ ₦400,000 kúrò, ó ku ₦4,100,000. Tí ẹ bá tà á bó ṣe wà, ₦2,600,000 pẹ̀lú ₦1,300,000 jẹ́ ₦3,900,000.

Ìyàtọ̀ wọn ò ju ₦200,000 lọ. Tí mekáníìkì bá tú ọkọ̀ tán tó wá ní òun tún rí nǹkan ₦200,000 mìíràn, èrè àtúnṣe ti tán nìyẹn. Gbogbo wa la mọ bí “ọ̀gá, mo tún rí nǹkan kan o” ṣe máa ń dún. Àmọ́ ẹni tó bá tà á náà máa ná owó: owó ìwé ọkọ̀ tuntun, owó ẹni tó máa bá a yẹ tòkunbọ̀ wò, owó ọkọ̀ tó máa wọ̀ títí yóò fi rí òmíràn rà.

Nítorí náà, ohun tó yẹ kó pinnu ni ibi tí ọkọ̀ ti fara pa. Tó bá jẹ́ bọ́ńpà, bọ́nẹ́ẹ̀tì, iná iwájú àti ráditọ̀, ẹ tún un ṣe. Tó bá jẹ́ pé ṣáṣì ti wọ́, tàbí airbag ti bẹ́, ẹ ronú dáadáa. Airbag tó ti bẹ́ kò ṣeé dá padà. Tuntun ló gbọ́dọ̀ wọlé, wọ́n sì gbọ́dọ̀ yẹ bẹ́líìtì ìjókòó àti sẹ́ńsọ̀ ẹ̀ wò pẹ̀lú. Àwọn kan máa ń rán dáṣíbọ́ọ̀dù bò, wọ́n á pa iná tó ń tàn lójú ẹ̀, ọkọ̀ á máa dán. Ọjọ́ tí jàǹbá mìíràn bá dé ni ẹni tó jókòó síbẹ̀ máa mọ̀ pé kò sí nǹkan kan lẹ́yìn ẹ̀.

Bí èmi ṣe pín tèmi

Lọ́dún 2022, bọ́ọ̀sì kan gbá mi lẹ́yìn lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Lẹ́yìn excess, ₦780,000 ni wọ́n san fún mi. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni owó iléèwé ọmọ méjì délẹ̀. Ìyàwó mi ní ká san owó iléèwé tán ná, ká máa wọ dáńfó. Èmi rò ó pé ọkọ̀ yẹn ni mo fi ń lọ ibi iṣẹ́ tó ń bọ́ wa.

A wá pín iṣẹ́ mekáníìkì sí ọ̀nà mẹ́ta: ohun tó lè pa èèyàn, bíi bíréèkì, táyà, bẹ́líìtì àti iná ẹ̀yìn, ohun tí òjò lè tipasẹ̀ ẹ̀ ba ọkọ̀ jẹ́, bíi bùútù àti gíláàsì ẹ̀yìn, àti ohun ẹwà, bíi kíkùn. A ṣe méjì àkọ́kọ́ ní ₦620,000. ₦160,000 tó kù lọ sí owó iléèwé, a sì bẹ ọ̀gá iléèwé fún ìyókù. Oṣù mẹ́rin gbáko ni mo fi wa ọkọ̀ aláwọ̀ fàdákà tí bọ́ńpà ẹ̀yìn ẹ̀ dúdú kirikiri. Àwọn ọmọ àdúgbò ń pè é ní adìyẹ òpìpì. Mo ń rẹ́rìn-ín, mo ń lọ síbi iṣẹ́.

Tí wọ́n bá ní ọkọ̀ ti kọjá àtúnṣe

Total loss ni wọ́n ń pè é. Wọ́n máa ń san iye tí ọkọ̀ tó lójà, kò sì ní ju iye tí ẹ kọ síwèé lọ. Lẹ́yìn náà, àwọn ló ni àfọ́kù ọkọ̀. Tí ẹ bá fẹ́ mú un, ẹ sọ fún wọn. Wọ́n á yọ iye ẹ̀ kúrò nínú owó yín. Ó lè dára fún ẹni tó ní oníbàárà ní Ládípọ̀ tó máa ra ẹ́ńjìnnì àti ilẹ̀kùn. Ẹni tí kò mọ ọjà yẹn, kó gba owó ẹ̀ kó máa lọ.

Kí ẹ tó ná irú owó bẹ́ẹ̀:

1. Ẹ san gbèsè tó wà lórí ọkọ̀ náà tán.
2. Ẹ yọ owó ínṣọ́ránsì àti ìwé ọkọ̀ tuntun sọ́tọ̀ kí ẹ tó dúnàádúrà.
3. Ẹ má fi gbogbo owó ra ọkọ̀. Tòkunbọ̀ wo ni kì í béèrè táyà àti bátìrì lóṣù àkọ́kọ́?
4. Ẹ ṣírò bóyá ẹ nílò ọkọ̀ rárá. Ẹni tí ilé ẹ̀ kò jìnnà sí ibi iṣẹ́ lè rí i pé owó ọkọ̀ èrò kéré sí epo, mekáníìkì àti páàkì.
5. Tí ẹ bá fẹ́ ran ẹbí lọ́wọ́, ẹ dá iye kan, kí ẹ má sì kọjá ẹ̀. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn, òun ni yóò ru igbá ẹ̀ délé.

Tí ilé iṣẹ́ adójútòfò bá ń fi yín falẹ̀, ẹ kọ lẹ́tà sí wọn, kí ẹ tọ́jú ẹ̀dà ẹ̀. Tí wọn kò bá dáhùn, NAICOM, àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ ínṣọ́ránsì ní Nàìjíríà, ní ẹ̀ka tó ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn oníbàárà. Ẹ kó ìwé ínṣọ́ránsì, ìwé ọlọ́pàá, fọ́tò àti ẹ̀dà lẹ́tà yín dání lọ bá wọn.