Lísàbí àti Gbèsè Àáró

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó dùn lẹ́nu púpọ̀: “Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni mo ń jẹ, èmi kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè.” Apá kìíní ọ̀rọ̀ náà ní iyì, ṣùgbọ́n ìtàn Ẹ̀gbá kò jẹ́rìí sí apá kejì.

Àgbẹ̀ ni àwọn Ẹ̀gbá ìgbàanì, olúkúlùkù a sì máa bọ́ ará ilé rẹ̀ láti inú oko ara rẹ̀. Síbẹ̀ ó ṣòro kí ọkùnrin kan ṣoṣo ṣán igbó ńlá kí òjò tó dé. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe ń dá àáró. Àáró yàtọ̀ sí ọ̀wẹ̀. Ẹni tí ó bẹ ọ̀wẹ̀ a fi oúnjẹ àti ọtí ṣe àwọn tí ó wá lálejò. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹgbẹ́ àáró bá bá ro oko lónìí kò gbọdọ̀ ṣe aláìfi agbára ara rẹ̀ san án ní oko ẹlòmíràn lọ́la.

Ní apá ìkẹyìn ọ̀rúndún kejìdínlógún, àwọn Ẹ̀gbá wà lábẹ́ Aláàfin, àwọn ajẹ́lẹ̀ sì ń ni wọ́n lára. Lísàbí, ẹni tí a ń kì ní Agbòǹgbò Àkàlà, jẹ́ àgbẹ̀ alágbára, ó sì lè bọ́ ara rẹ̀. Àwọn àgbà sọ pé ó bá gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣiṣẹ́ títí ó fi kan òun. Nígbà náà ni kò bèèrè ọkọ́ lọ́wọ́ wọn mọ́. Ó ní kí wọ́n wá bá òun gba ilẹ̀ Ẹ̀gbá sílẹ̀. Ta ni yóò kọ̀ fún un? Wọ́n dìde, wọ́n pa àwọn ajẹ́lẹ̀, wọ́n sì lé ogun Ọ̀yọ́ padà.

Ó ṣe ni láàánú pé ìran tí ó tẹ̀ lé wọn gbàgbé. Lẹ́yìn tí Òwu fọ́, láàárín ọdún 1820 sí 1830, a kó àwọn ìlú Ẹ̀gbá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí ìlara kò jẹ́ kí èyí gba èkejì. Ní 1830 ni àwọn tí ó ṣẹ́kù tẹ̀dó sí abẹ́ Olúmọ pẹ̀lú Ṣódẹkẹ́. Ìlú kọ̀ọ̀kan mú àdúgbò tirẹ̀ àti àwọn olóyè tirẹ̀; ṣùgbọ́n odi kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ní. Nígbà tí ogun Dàhómì dé ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta, 1851, àti ní 1864 pẹ̀lú, orí odi kan náà ni wọ́n ti jùmọ̀ lé e.

Ẹ̀yin ará, ó dára kí ènìyàn má ṣe di ẹrù lé ẹlòmíràn lórí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rántí pé, nínú ẹgbẹ́ àáró, ẹni tí a ti bá ro oko rẹ̀ tán ni gbèsè ṣẹ̀ṣẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀.