Ẹṣin Tó Wà Nínú Ẹ̀rọ Amúlétutù

Ẹni tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ẹ̀rọ amúlétutù ní Alaba l’Ékòó tàbí ní Dùgbẹ̀ n’Íbàdàn, kò ní í pẹ́ tí ọmọ ọjà yóò fi bi í pé: “Ẹ̀gbọ́n, wan họ́ọ̀sì lẹ fẹ́ ni, àbí tú họ́ọ̀sì?” Oníbàárà á ro bí yàrá rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó, á ṣírò owó tó wà lápò, á sì mú ọ̀kan. Ẹṣin wọlé, kò sẹ́ni tó bèèrè ìdílé rẹ̀.

Ó yẹ kí wọ́n bèèrè. Òṣùwọ̀n ọjà ni agbára ẹṣin (horsepower), tí ọmọ ọjà gé kúrú sí “họ́ọ̀sì”, láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá a sílẹ̀. Ohun tí oníṣòwò fi ń dúnàádúrà ni kó tó di ohun tí olùkọ́ ń kọ sójú pátákó. Òwò ló sì ń bá a ṣe títí dòní, ìyẹn ni kò jẹ́ kí ìtumọ̀ rẹ̀ dúró sójú kan. Àpilẹ̀kọ yìí ní ẹjọ́ kejì tí yóò rò: pé “agbára”, ọ̀rọ̀ tí a fi túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, ń ṣi olùgbọ́ lọ́nà, bẹ́ẹ̀ èdè náà ní ọ̀rọ̀ mìíràn tó bá a mu jù ú lọ.

Ọmọ ilẹ̀ Scotland ni James Watt, ìlú Greenock ni wọ́n bí i sí ní 1736. Iṣẹ́ irinṣẹ́ ló ń ṣe ní Yunifásítì Glasgow nígbà tí wọ́n gbé àwòṣe kékeré kan ti ẹ̀rọ Newcomen fún un pé kó tún un ṣe. Ẹ̀rọ yìí ń fi ooru omi fa omi jáde nínú kòtò ìwakùsà, ṣùgbọ́n èédú tó ń jẹ kò kéré. Watt rí ìdí rẹ̀: inú àgbá kan náà ni wọ́n ti ń mú un gbóná tí wọ́n sì tún ti ń mú un tutù, lẹ́ẹ̀kan kọ̀ọ̀kan tí ẹ̀rọ náà bá mí. Ó ya ibi ìtutù sọ́tọ̀, ó gba ìwé àṣẹ lórí ọgbọ́n náà ní 1769, nígbà tó sì di 1775, òun àti Matthew Boulton, oníṣòwò Birmingham, ti di alájọṣe. Bí wọ́n ṣe ń gbowó wọn dùn ún gbọ́. Lọ́dọ̀ àwọn awakùsà Cornwall, wọ́n á ṣírò owó èédú tí ẹ̀rọ Watt fi dín kù sí ti Newcomen, wọ́n á pín in sọ́nà mẹ́ta, wọ́n á gba ìdá kan.

Wàhálà dé nígbà tí àwọn apọntí àti àwọn alọkà náà fẹ́ ẹ̀rọ. Wọn kò ní ẹ̀rọ Newcomen rí. Ẹṣin ni wọ́n ń lò, ẹṣin kì í sì í jẹ èédú. Ohun kan ṣoṣo tí apọntí fẹ́ mọ̀ ni iye ẹṣin tí nǹkan yìí yóò rọ́pò. Watt ní láti wá nọ́ńbà kan tí yóò fi dá a lóhùn.

Orí ẹṣin ọlọ ló ti rí i. Ẹṣin náà ń yí po lójú kan, òbírí tó ń tọ̀ fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 24 láti etí kan sí èkejì, ìgbà 144 ló sì ń yí i po láàárín wákàtí kan. Watt gbà pé ipá tó fi ń fà tó ìwúwo pọ́n-ùn 180. Ẹni tó bá sọ ipá náà di púpọ̀ pẹ̀lú ọ̀nà tí ẹṣin rìn ní ìṣẹ́jú kan yóò rí nǹkan tó lé díẹ̀ ní 32,500 ẹsẹ̀ bàtà-pọ́n-ùn. Watt fi jàrá sí i, ó pè é ní 33,000. Lóde òní, wáàtì 746 nìyẹn. Kó lè yé ẹni tó ń kọ́lé: àpò sìmẹ́ńtì kan ààbọ̀ ni kéèyàn máa gbé sókè ní mítà kan, ní gbogbo ìṣẹ́jú-àáyá, láìsinmi.

Ṣé òótọ́ ni ẹṣin ń ṣe tó bẹ́ẹ̀? Àwọn tó ṣírò tiwọn ṣáájú kò gbà fún ara wọn. 22,916 ni John Smeaton rí, nígbà tí John Desaguliers pè é ní 44,000. Kì í ṣe pé nọ́ńbà Watt tọ̀nà ju tiwọn lọ ló jẹ́ kó borí. Ẹ̀rọ rẹ̀ ló tà. Ní 1993, ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì Nature gbé ìṣirò kan jáde pé ẹṣin tó bá sa gbogbo ipá rẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ lè tó nǹkan bí agbára ẹṣin 15. Ibi kó máa ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́ ni ọ̀rọ̀ wà. Ní ti èèyàn, alágbàṣe tó ń ṣiṣẹ́ láti òwúrọ̀ kì í ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá agbára ẹṣin lọ.

Etí Yorùbá kì í sì í gbọ́ ẹṣin ọlọ nínú ọ̀rọ̀ yìí rárá. Ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́ àtijọ́, ẹran ogun àti ẹran ọlá ni ẹṣin. Òkè Ọya ni wọ́n ti ń rà á wá, nítorí pé eṣinṣin tó ń gbé àrùn kiri nínú igbó kì í jẹ́ kó pẹ́ láyé. Ta ni yóò ná owó tó tó bẹ́ẹ̀ tán, tí yóò wá so ẹṣin mọ́ ọlọ? Ìdí nìyí tí “agbára ẹṣin” fi ń mú eré àsápajúdé wá sọ́kàn, nígbà tó jẹ́ pé ẹran tó ń wọ́ ẹsẹ̀ yípo títí ilẹ̀ fi ṣú ni Watt ń wò.

Àwọn àgbẹ̀ sì ti yanjú apá tó le jù nínú ọ̀rọ̀ náà tipẹ́. Igba ebè ni wọ́n fi ń díwọ̀n iṣẹ́ oko. Bí Àjàní bá kọ igba ebè tirẹ̀ tán kí oòrùn tó kanrí, tí Àkànó sì fi ọjọ́ méjì kọ tirẹ̀, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ṣe. Ebè wọn dọ́gba, owó wọn dọ́gba. Ohun tí Àjàní fi ju Àkànó lọ ni pé ó yáwọ́. Iye ebè yẹn ni júùlù àti kílówáàtì-wákàtí ń wọ̀n. Ìyáwọ́ yẹn, ìyẹn iye iṣẹ́ tí a pín sí iye àkókò, ni wáàtì àti agbára ẹṣin ń wọ̀n. Bí a bá ń pe méjèèjì ní “agbára”, tí a tún ń pe ipá tí a fi ti ọkọ̀ tó kú sójú ọ̀nà ní “agbára”, báwo ni akẹ́kọ̀ọ́ kò ṣe ní í ṣìnà? “Ìyáwọ́ ẹṣin” ì bá ti sọ ọ́ bó ṣe rí gẹ́lẹ́. Ẹnìkan lè sọ pé “agbára” ti mọ́ ayé lẹ́nu jù láti pààrọ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n olùkọ́ tó bá ti inú igba ebè bẹ̀rẹ̀ kò ní láti pààrọ̀ ohunkóhun.

Ohun tí ọjà bí, ọjà kò níí yé tún un ṣe. Ẹṣin àwọn Jámánì àti Faransé kò tó ti Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, wáàtì 735.5 ni. Ní Britain, láti 1910 títí di àwọn ọdún 1940, wọ́n ń gba owó orí mọ́tò lórí “agbára ẹṣin” tí wọ́n ṣírò láti inú iye sílíńdà àti fífẹ̀ ẹnu rẹ̀ nìkan. Làwọn tó ń ṣe mọ́tò bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe sílíńdà tẹ́ẹ́rẹ́ tó gùn, kí owó orí lè kéré. Méje tó wà nínú orúkọ Austin Seven, tó jáde ní 1922, ẹṣin owó orí ni. Ohun tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n máa ń wọn ẹ́ńjìnnì ní ìhòòhò, láìsí sáléńsà àti àwọn ẹrù mìíràn tó ń jẹ nínú iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n yí ìlànà padà ní 1972, tí wọ́n ń wọ̀n ọ́n tẹrù-tẹrù, ẹ́ńjìnnì Cadillac Eldorado já láti 365 ti ọdún tó ṣáájú sí 235. Ẹṣin 130 sá lọ lórí bébà. Mọ́tò kò tilẹ̀ mọ̀.

Wáàtì kò ní ẹṣin nínú. William Siemens ló dábàá ní 1882 pé kí wọ́n fi orúkọ Watt pe òṣùwọ̀n ìyáwọ́ tó jẹ́ júùlù kan ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ọmọ apọntí ni James Joule tó ni júùlù, ní Salford (ọ̀rọ̀ yìí kò kúkú kúrò nílé ọtí). Ó fi ìwúwo tó ń sọ̀kalẹ̀ ru omi, ó sì fi hàn pé iṣẹ́ tí wọ́n fi ru ú di ooru nínú rẹ̀ ní iye tí kì í yí padà. Láti ìgbà náà ni ooru àti iṣẹ́ ti di ohun tí a lè fi òṣùwọ̀n kan náà wọ̀n.

Ibẹ̀ ni àṣírí ẹṣin Alaba wà. Ẹ̀rọ amúlétutù kì í ṣẹ̀dá òtútù. Ooru ló ń kó síta. Èyí tí wọ́n ń pè ní họ́ọ̀sì kan máa ń kó nǹkan bí BTU 9,000 (òṣùwọ̀n ooru ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì) ní wákàtí kan, èyí tó jẹ́ bíi wáàtì 2,640, ó ju ẹṣin Watt mẹ́ta lọ. Iná tó ń jẹ láti ṣe é kò tó bẹ́ẹ̀. Bíi 700 sí 1,000 wáàtì ló wọ́pọ̀. Nítorí náà, họ́ọ̀sì inú orúkọ rẹ̀ kò wọn òtútù, kò sì wọn iná. Àṣà àtijọ́ ni, láti ara títóbi mọ́tò iná tó ń yí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo ìlú ń pè ní “I better pass my neighbour”, nǹkan bí wáàtì 650 ló ń mú wá. Kò pé ẹṣin kan.

Yúníìtì orí mítà ni igba ebè tiwa: kílówáàtì-wákàtí kan, tó jẹ́ júùlù mílíọ̀nù 3.6. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, NERC, àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iná mànàmáná ní Nàìjíríà, gbé iye rẹ̀ fún àwọn tó wà ní Band A, ìpele àwọn tí wọ́n ń fún ní iná jù, láti náírà 68 sí 225. Lórí iye yẹn, ẹ̀rọ amúlétutù tó ń jẹ wáàtì 900 fún wákàtí mẹ́jọ láìsinmi yóò jẹ yúníìtì 7.2, owó rẹ̀ sì jẹ́ náírà 1,620. Ẹni tó ra ínfátà ńlá tó fi bátìrì kan ṣoṣo tó jẹ́ fóòtì 12, ámpù-wákàtí 200 sí i, yúníìtì 2.4 ló ní nínú bátìrì náà. Ẹ̀rọ amúlétutù yẹn yóò jẹ ẹ́ tán kó tó pé wákàtí mẹ́ta. Ìyáwọ́ ló rà, kò ra ebè.

Kí ẹni tó ń lọ sí Alaba lọ́la yí ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà padà. Bébà pélébé kan wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ “power input” sí, pẹ̀lú nọ́ńbà kan àti lẹ́tà W. Kó sọ nọ́ńbà náà di púpọ̀ pẹ̀lú iye wákàtí tí yóò lò ó lóòjọ́, kó pín in sí 1,000. Yúníìtì tó lè jẹ lóòjọ́ bí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ rẹ̀ kò bá sinmi nìyẹn, kí ó ṣírò rẹ̀ kí ọmọ ọjà tó dárúkọ ẹṣin.