Iṣẹ́ ọnà àti ìtura ọkàn àwọn ọ̀dọ́langba

Iṣẹ́ ọnà fún ìtura ọkàn ni fífi àwòrán yíyà, amọ̀ mímọ, aṣọ aláró, ewì tàbí orin ran ènìyàn lọ́wọ́ láti gbé ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ jáde, kí másùnmáwo má baà bò ó mọ́lẹ̀. Àyọkà yìí dá lórí bí wọ́n ṣe ń lò ó fún àwọn ọmọ tó ń bàlágà, láti nǹkan bí ọdún 10 sí 15. Ọjọ́ orí náà le. Ohùn ọmọkùnrin ń nípọn, ọmọbìnrin ń bẹ̀rẹ̀ nǹkan oṣù, ìdánwò ń bẹ níwájú, ọmọ kò fẹ́ sunkún lójú ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò tíì ní ọ̀rọ̀ tí àgbàlagbà fi ń sọ ẹ̀dùn ọkàn. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé nínú àwọn ọmọ ọdún 10 sí 19, ọ̀kan nínú méje ló ní àìlera ọpọlọ kan tàbí òmíràn.

Ohun méjì ló ń jẹ́ orúkọ kan náà níbí. Àkọ́kọ́ ni ìtọ́jú tí ẹni tó kọ́ iṣẹ́ náà ń ṣe fún aláìsàn. Èkejì ni bébà àti ọ̀dà tí olùkọ́ tàbí òbí gbé síwájú ọmọ kí ó lè sinmi. Èkejì yìí ló sún mọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà jù.

Ìtàn

Adrian Hill, ayàwòrán ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n gbà pé ó fún iṣẹ́ náà ní orúkọ tó ń jẹ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì, ní 1942. Ikọ́ ẹ̀gbẹ ló gbé e dé ilé ìwòsàn ní 1938. Àwòrán ló fi ń lé ọjọ́ lọ lórí ibùsùn, nígbà tó yá ó ń kọ́ àwọn aláìsàn yòókù. Ìwé rẹ̀, Art Versus Illness, jáde ní 1945. Àwọn oníṣẹ́ náà dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1964, àwọn ti Amẹ́ríkà dá tiwọn sílẹ̀ ní 1969.

Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ti ọmọdé ni a ń sọ, ìtàn Terezín ló wúwo jù. A bí Friedl Dicker-Brandeis ní Vienna ní 1898, ó sì kẹ́kọ̀ọ́ ní Bauhaus, ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà tó lókìkí ní Jámánì. Ní December 1942, ìjọba Nazi kó òun àti ọkọ rẹ̀ lọ sí Terezín, ìlú olódi kan nílẹ̀ Czech tí wọ́n ti sọ di àgọ́ tí wọ́n ń kó àwọn Júù sí. Ìwọ̀nba ẹrù ni wọ́n gbà kí ẹnì kọ̀ọ̀kan gbé dání. Ohun èlò àwòrán ló dì sínú tirẹ̀. Nígbà tí bébà wọ́n, ẹ̀yìn ìwé ọ́fíìsì tí wọ́n ti lò ni àwọn ọmọ ń ya àwòrán sí. Ó ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ orúkọ ara rẹ̀ sí iṣẹ́ rẹ̀, nínú àgọ́ tó jẹ́ pé nọ́ńbà ni àwọn aláṣẹ fi ń ka ènìyàn.

Ohun tí wọ́n yà ló yẹ kí òǹkàwé tẹjú mọ́. Ibùsùn àtẹ̀léra inú àgọ́ wà níbẹ̀, àwọn sójà náà wà níbẹ̀. Àmọ́ òdòdó pọ̀, labalábá pọ̀, ilé tí wọ́n fi sílẹ̀ pọ̀, pẹ̀lú tábìlì tí oúnjẹ kún orí rẹ̀. Olùkọ́ wọn kò fipá mú wọn ya ìbànújẹ́. Kí wọ́n tó kó o lọ sí Auschwitz ní October 1944, níbi tí wọ́n ti pa á, ó di nǹkan bí 4,500 àwòrán sínú àpótí méjì, ó fi wọ́n pamọ́. Púpọ̀ jù lọ nínú àwọn ọmọ tó yà wọ́n kò yè é. Àwọn àwòrán náà wà ní Ilé Ohun Ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn Júù ní Prague títí di òní.

Edith Kramer, tó ti kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ Friedl kí ogun tó dé, sá lọ sí Amẹ́ríkà ní 1938. Láti 1950 ló ti ń bá àwọn ọmọkùnrin ya àwòrán ní Wiltwyck, ilé ẹ̀kọ́ kan ní New York fún àwọn ọmọ tí ayé ti le mọ́, ó sì kọ ohun tó rí níbẹ̀ sínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1958. Òun àti Margaret Naumburg, àgbà mìíràn nínú iṣẹ́ náà, kò rí i bákan náà. Lójú Naumburg, àwòrán ni ọ̀nà tí a gbà dé ọ̀rọ̀ tó fara sin, kí a lè sọ ọ́. Lójú Kramer, yíyà á gan-an ni ìwòsàn.

Ní Nàìjíríà

Àwọn baba wa kò fún un lórúkọ, wọ́n ń ṣe é. Láàárín àwọn Ọ̀yọ́, ọmọge tó ń lọ sílé ọkọ ní ẹkún ìyàwó. Á ti kọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbà kí ọjọ́ náà tó pé. Bó bá wá dúró níwájú bàbá àti ìyá rẹ̀, á fi ohùn arò dúpẹ́, á fi tọrọ ìre, á sì fi sọ ẹ̀rù ilé tí kò mọ̀. Omijé kì í tì í lójú lọ́jọ́ náà, nítorí iṣẹ́ ọnà ló gbé e wọ̀.

Ulli Beier, olùkọ́ kan láti Jámánì, dé University College, Ìbàdàn, ní 1950. Láìpẹ́ sí i ló ń lọ bá àwọn aláìsàn ọpọlọ ní Lántòrò, Abẹ́òkúta, kí wọ́n lè máa ya àwòrán. Àgbàlagbà ni wọ́n, kì í ṣe ọmọdé. Ní 1954 ni Dókítà Adéoyè Lámbò bẹ̀rẹ̀ ètò abúlé ní Aro, nínú ìlú kan náà: aláìsàn àti ìbátan rẹ̀ kan á máa gbé láàárín àwọn ará abúlé, á sì máa ti ibẹ̀ lọ gba ìtọ́jú.

Òṣogbo ni tèmi, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ dúró díẹ̀. Ní 1962, Dúró Ládiípọ̀, òṣèré orí ìtàgé, àti Beier dá ibùdó iṣẹ́ ọnà Mbari Mbayo sílẹ̀ níbẹ̀. Mbari jẹ́ ọ̀rọ̀ Igbo, etí àwọn ará Òṣogbo ló sọ ọ́ di “bí mo bá rí, mà bá yọ̀”. Denis Williams, ayàwòrán láti Guyana, ló darí àwọn ẹ̀kọ́ ìbẹ̀rẹ̀, Georgina Beier, ayàwòrán mìíràn, sì darí ti 1964. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ló ń wọlé. Jacob Afọlábí àti Rufus Ògúndélé wá láti inú ẹgbẹ́ eré Dúró Ládiípọ̀. A bí Ògúndélé ní 1946, ọmọ ọdún 16 tàbí 17 ni nígbà tó kọ́kọ́ fi ọ̀bẹ gbẹ́ lino, ohun pẹlẹbẹ tí wọ́n ń gbẹ́ láti fi tẹ àwòrán. Twins Seven-Seven ń jó kiri pẹ̀lú ẹni tó ń polówó oògùn kí ó tó dúró sí Òṣogbo. Kò sí ẹni tó ní kí wọ́n ya bí ó ṣe ń ṣe wọ́n. Wọ́n fún wọn ní ohun èlò, wọ́n fún wọn ní àyè, wọn kò sì ṣe àtúnṣe sí ìlà wọn. Iwin inú àlọ́ ló jáde, òrìṣà jáde, ẹranko olójú púpọ̀ jáde. Ìtọ́jú kọ́ ni ète ibẹ̀. Síbẹ̀, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí léèrè bí yàrá tó tu ọ̀dọ́langba lára ṣe rí, Òṣogbo ni màá tọ́ka sí.

Nike Okundaye, tí ìyá rẹ̀ kú nígbà tó wà lọ́mọdé, kọ́ aṣọ aláró lọ́dọ̀ àwọn ìyá ilé rẹ̀. Ó dá ibùdó ìkọ́ṣẹ́ sílẹ̀ ní Òṣogbo ní 1983, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ sì ti kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ bá ọmọ tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ mu dáadáa: ìyẹ́ adìẹ lọ́wọ́, ẹ̀kọ tútù lórí aṣọ funfun, ìlà kan lẹ́yìn òmíràn. Ẹni tó bá kánjú, ẹ̀kọ á ya.

Ní Sókótó

Kòfà ni àwọn Haúsá ń pe ẹnubodè. Kofar Kware jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ẹnubodè ìlú Sókótó tí Muhammadu Bello tẹ̀dó ní 1809, Kware tó fún un lórúkọ sì wà ní ìhà àríwá ìlú náà.

Ẹ jẹ́ ká fi àdúgbò ẹnubodè yìí ṣe àpẹẹrẹ. Ẹni tó bá ti jókòó ní ilé kéwú mọ wàláà. Pákó fẹlẹfẹlẹ ni, ó ní ibi ìdìmú, ojú rẹ̀ ti dán nítorí fífọ̀. Ọmọ á ti gègé bọ tàdáwà, á kọ ẹ̀kọ́ rẹ̀ sí i. Bó bá ti há a sórí, á fomi fọ̀ ọ́, á kọ òmíràn. Nílẹ̀ Haúsá, bí ọmọ bá ka Àlùkùránì dé ìparí, wọ́n á ya ọnà sí wàláà rẹ̀. Zayyana ni wọ́n ń pè é: onígun mẹ́rin, onígun mẹ́ta, ìlà tó wọnú ìlà, wọ́n á fi àwọ̀ kùn ún, ọmọ á sì gbé e fún gbogbo ayé rí lọ́jọ́ wòlímọ́tì. A kò lè pe èyí ní ìtọ́jú ọkàn. Málàámù tàbí ẹni tó mọ ọnà ló sábà ń yà á, kéwú ló sì wà fún. Ṣùgbọ́n olùkọ́ tó bá ń wá ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ ní Kofar Kware kò ní láti lọ ra ìwé àwòrán òyìnbó. Ọnà náà ti wà lójú àwọn ọmọ, ọwọ́ wọn sì ti mọ gègé.

Ewì náà wà níbẹ̀ tipẹ́. Nana Asma'u (1793–1864), ọmọ Usman dan Fodio, kọ ewì lédè Lárúbáwá, Fúlàní àti Haúsá, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ arò fún àwọn tó kú. Àwọn obìnrin tí wọ́n ń pè ní 'yan taru máa ń ti abúlé wá sọ́dọ̀ rẹ̀ ní Sókótó. Gẹ́gẹ́ bí Jean Boyd, tó kọ ìtàn ayé rẹ̀, ṣe sọ, àwọn àgbà obìnrin àti àwọn ọmọdébìnrin tí kò tíì ju ọdún 14 lọ ló pọ̀ jù nínú wọn. Ewì ni wọ́n ń há sórí tí wọ́n sì ń gbé padà sílé.

Bí a ṣe ń ṣe é

Donald Winnicott, dókítà ọmọdé ní Lọ́ńdọ̀nù, ní eré kan tí kò ná ènìyàn ju bébà àti pẹ́ńsù lọ. Àgbàlagbà á pa ojú dé, á fa ìlà wọ́gọwọ̀gọ. Ọmọ á sọ ọ́ di nǹkan: ejò, ìyá tó di ọmọ mọ́ra, bàtà. Ó kan ọmọ láti fa ìlà, àgbàlagbà náà á parí rẹ̀. Bí wọ́n bá ṣe é bíi mélòó kan, ọmọ tí kò dáhùn ìbéèrè kankan láti àárọ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, nítorí pé kì í ṣe òun nìkan ni wọ́n ń wò mọ́.

Ẹnu àgbàlagbà ló sábà ń ba iṣẹ́ jẹ́. “Kí nìyí?” sàn ju “kí ló dé tó o ya báyìí?” lọ. Kò sí máàkì, kò sí ẹni tó ṣe ipò kìíní. Àwòrán jẹ́ ti ọmọ. Bó bá ní òun kò fẹ́ kí bàbá òun rí i, kí wọ́n tọ́jú rẹ̀.

Kí a tún ṣọ́ra fún kíka àwọ̀ bí ẹni ń ka ọ̀pẹ̀lẹ̀. Àwọn ìwé kan sọ pé ọmọ tó ń lo àwọ̀ dúdú ti rẹ̀wẹ̀sì. Níbi tí a ti ń yin aṣọ pé aró rẹ̀ dúdú dáadáa, irú ìtumọ̀ bẹ́ẹ̀ lè ṣìnà pátápátá. Ó sì lè jẹ́ pé pẹ́ńsù dúdú nìkan ló kù nínú páálí.

Ohun tí wọ́n ń jiyàn lé

Ṣé kí ọmọ ya ohun tó ń dùn ún, àbí kí ó ya nǹkan mìíràn kí ọkàn rẹ̀ lè kúrò níbẹ̀? Jennifer Drake àti Ellen Winner ní Amẹ́ríkà ní kí àwọn ọmọ ọdún 6 sí 12 rántí ohun kan tó já wọn kulẹ̀. Ara àwọn tó ya ilé lásán tètè yá ju ti àwọn tó ya ìjákulẹ̀ náà lọ. Èsì yìí, tó jáde ní 2013, sọ nípa ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn àwòrán; kò sọ nípa oṣù mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀, kò sì kan ọmọ ọdún 14. Ó ṣeé ṣe kí ọmọ tí ogun lé kúrò nílé nílò méjèèjì, ní àkókò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ní ti másùnmáwo, ìwádìí Girija Kaimal ní Yunifásítì Drexel ní Amẹ́ríkà, tó jáde ní 2016, rí i pé cortisol, èròjà másùnmáwo inú itọ́, lọ sílẹ̀ lára nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àwọn ènìyàn 39 tó fi ìṣẹ́jú 45 ṣe iṣẹ́ ọnà. Àgbàlagbà tó ní ìlera ni gbogbo wọn, kò sì yẹ kí a fi ṣe ẹ̀rí fún ọmọdé.

Lónìí

Òfin Ìlera Ọpọlọ ti Nàìjíríà, tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní January 2023, rọ́pò òfin wèrè tó ti wà láti 1958. Ní ìlà oòrùn Ìpínlẹ̀ Sókótó, ní Sabon Birni, Isa àti Goronyo, àwọn agbébọn ti lé ọ̀pọ̀ ìdílé kúrò nílé, ọmọ wà nínú wọn. Bí ọmọ bá ń sọ pé òun fẹ́ kú, tàbí tí kò sùn tí kò jẹun mọ́, ẹ má ṣe fi í sílẹ̀ pẹ̀lú pẹ́ńsù nìkan: ẹ mú un lọ rí dókítà. Ilé ìwòsàn Yunifásítì Usmanu Danfodiyo wà nínú ìlú Sókótó, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ fún àìlera ọpọlọ sì wà ní Kware.