Àyẹ̀wò Táírọ́ìdì Lára Ẹni tí Ìsoríkọ́ Ń Bá Jà

Ọ̀pọ̀ ìwé ló ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí láti ọdún 1949, nígbà tí Richard Asher, oníṣègùn kan ní Lọ́ńdọ̀nù, kọ̀wé nípa aláìsàn 14 tí orí wọn dàrú nítorí pé táírọ́ìdì, ẹṣẹ́ ọrùn tí gẹ̀gẹ̀ ń mú wú, kò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́. Àkọlé tó fún iṣẹ́ náà wuni, òun ló gbé e níyì. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1888 ni ìgbìmọ̀ Clinical Society ní ìlú kan náà ti jábọ̀ lórí aláìsàn tó lé ní 100, tí nǹkan bí ìdajì wọn ń rí ohun tí kò sí tàbí tí wọ́n ń gba irọ́ ọkàn wọn gbọ́. Ìgbìmọ̀ yẹn ni ipò àkọ́kọ́ tọ́ sí. Ti Asher ni pé ó rán àwọn dókítà létí pé irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ lè rí ìwòsàn.

Láàárín ìgbà méjèèjì, George Murray fi omi táírọ́ìdì àgùntàn tọ́jú aláìsàn ní 1891, Edward Kendall sì yọ tairọ́sìnì, họ́mónù táírọ́ìdì, sọ́tọ̀ ní 1914.

Ọdún 1969 ni nǹkan gbóná. Roger Guillemin àti Andrew Schally, tí wọ́n ń bá ara wọn figagbága, tú àṣírí TRH, họ́mónù tí ọpọlọ fi ń pàṣẹ kí TSH jáde sínú ẹ̀jẹ̀. TSH ló wá ń ta táírọ́ìdì jí. Lọ́dún yẹn kan náà, Arthur Prange àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní North Carolina rí i pé bí wọ́n bá fi T3, ọ̀kan nínú họ́mónù táírọ́ìdì, kún imipramine, oògùn ìsoríkọ́, àìsàn náà tètè ń fúyẹ́. Ní 1972, wọ́n gún àwọn obìnrin tó sorí kọ́ ní abẹ́rẹ́ TRH, ara wọn sì yá fún ìgbà díẹ̀. Àwọn mìíràn tó dán an wò kò rí i bẹ́ẹ̀. Ohun tó ṣẹ́kù ni pé lára nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin, TSH kì í gòkè bó ṣe yẹ lẹ́yìn abẹ́rẹ́ náà, bẹ́ẹ̀ sì ni táírọ́ìdì wọn kò lárùn. Wọ́n ti ń retí pé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ yóò máa fi ìsoríkọ́ hàn, àfi bí wọ́n ṣe tún rí irú èsì bẹ́ẹ̀ lára àwọn ọ̀mùtí.

Ní ti kẹ́míkà ọpọlọ, Prange gbà pé T3 ń jẹ́ kí ọpọlọ túbọ̀ gbọ́ràn sí noradrenaline. Àwọn mìíràn ń tọ́ka sí serotonin. Lára eku ni púpọ̀ nínú ẹ̀rí wọn ti wá, n kò ní dúró lé e lórí.

Ní 2006, ìwádìí STAR*D ní Amẹ́ríkà fi T3 wé oògùn lithium lára àwọn tí oògùn méjì kò ràn. Ìdá 24.7 nínú ọgọ́rùn-ún gbádùn pẹ̀lú T3, ìdá 15.9 pẹ̀lú lithium. Ìyàtọ̀ náà kò tó ohun tí a lè fi ṣẹ̀rí. Ní ti àyẹ̀wò, TSH ni dókítà sábà máa ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò báyìí, kó lè mọ̀ bóyá táírọ́ìdì ló wà nídìí ìsoríkọ́ náà.