Gbohùngbohùn Láti Inú Ikùn

Ẹ̀yin olùgbọ́ mi, iṣẹ́ lítíréṣọ̀ ni iṣẹ́ mi, kì í ṣe ìṣègùn. Ṣùgbọ́n ìtàn yìí kan ẹnikẹ́ni tí ó bá ń wá ìtumọ̀ ohun tí ó fara sin. Yorùbá ní inú jìn. Bí inú bá ń run ènìyàn, dókítà a fi ọwọ́ tẹ ikùn rẹ̀, a bi í léèrè ọ̀rọ̀, a sì méfò. Láyé ìgbà kan, ọ̀bẹ ni ó sábà máa ń fi òdodo hàn.

Ìlú Glasgow ní ilẹ̀ Scotland ni ọ̀ràn náà ti yí padà. Ian Donald, ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ìgbẹ̀bí níbẹ̀, ti bá ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣiṣẹ́ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó sì mọ̀ nípa rédà. Ó mọ̀ pẹ̀lú pé àwọn òṣìṣẹ́ irin a máa fi ìró tí etí ènìyàn kò lè gbọ́ yẹ irin wò, bóyá ó sán nínú. Ní ọjọ́ 21 oṣù keje ọdún 1955, ó kó àwọn kókó tí wọ́n ti gé kúrò lára àwọn obìnrin sínú ọkọ̀ méjì, ó di ilé-iṣẹ́ Babcock & Wilcox ní Renfrew. Wọ́n tilẹ̀ wá ègé ẹran màlúù kan láti fi wéra! Ìró tí ó padà láti inú àpò olómi yàtọ̀ sí ti kókó líle. Gbohùngbohùn náà ni: ẹni tí ó kígbe sí àpáta mọ̀ pé àpáta wà níbẹ̀, bí òkùnkùn tilẹ̀ ṣú.

Tom Brown, onímọ̀ ẹ̀rọ, àti dókítà John MacVicar bá a ṣe iṣẹ́ náà. Òróró ólífì ni wọ́n máa ń fi pa ikùn aláìsàn, nítorí afẹ́fẹ́ kì í jẹ́ kí ìró yìí kọjá. (Kò yẹ kí èyí pa wá lẹ́rìn-ín; àwọn ìyá wa mọ iyì òróró.) Obìnrin kan wà tí ikùn rẹ̀ wú, tí wọ́n ti sọ pé jẹjẹrẹ ni, pé iṣẹ́ abẹ kò lè ràn án lọ́wọ́ mọ́. Ẹ̀rọ fi hàn pé àpò ńlá olómi ni. Wọ́n gé e kúrò, obìnrin náà sì yè. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹfà ọdún 1958, àbọ̀ ìwádìí wọn jáde nínú The Lancet.

Àwọn kan a máa fi gbogbo ìyìn náà fún ẹ̀rọ. N kò gbà. Ẹ̀rọ kò lè sọ̀rọ̀ bí kò bá sí ẹni tí ó gbà pé ìdájọ́ àkọ́kọ́ lè má tọ̀nà.

Ní àárín ọdún 1970 sí 1979, àwọn dókítà Jámánì ń fi ẹ̀rọ yìí wá ẹ̀jẹ̀ nínú ikùn ẹni tí ó fara pa. Ti Amẹ́ríkà tẹ̀ lé wọn ní nǹkan bí ogún ọdún lẹ́yìn náà. Lónìí, òmíràn kò ju ohun tí a lè kì bọ àpò lọ. Síbẹ̀, afẹ́fẹ́ inú ìfun ṣì ń bo ohun púpọ̀ mọ́ ọn lójú, nítorí náà àìrí nǹkan rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rí àlàáfíà. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nípa rẹ̀ ni pé kò lé dókítà kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Bí ó bá ń wá òkúta nínú òróòro, yóò gbé ẹ̀rọ lé ibẹ̀ gan-an, yóò rọra tẹ̀ ẹ́, yóò sì bi aláìsàn pé: ‘Ṣé ibí ni?’