Odi Abẹ́òkúta àti Ogun Dàhòmì

Bí a bá ń sọ ohun tó dáàbò bo àwọn Ẹ̀gbá, àpáta Olúmọ ni a máa ń kọ́kọ́ dárúkọ, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀, nítorí abẹ́ àpáta náà ni àwọn tí ogun lé kúrò nílé wọn àtijọ́ sá sí nígbà tí wọ́n tẹ Abẹ́òkúta dó ní 1830. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìlú kún tán, odi ni wọ́n gbójú lé. Odi yìí, ìyẹn ògiri amọ̀ tí wọ́n mọ yí ìlú ká, kò ga lọ títí. Yàrà tó wà lóde rẹ̀, èyí tí í ṣe kòtò gígùn, ló mú kí ó ṣòro gùn. Àyíká rẹ̀ tó nǹkan bíi máìlì 18, oko pàápàá wà nínú rẹ̀, ẹni tó bá sì fẹ́ fẹsẹ̀ rìn ín yí po yóò fi odidi ọjọ́ kan ṣe é.

Gígùn yìí gan-an ni àléébù rẹ̀. Kò sí iye ẹ̀ṣọ́ tó lè dúró yí odi bẹ́ẹ̀ ká tán, nítorí náà mímọ ibodè tí ọ̀tá yóò gbà wọlé, ìyẹn ẹnu ọ̀nà odi níbi tí oníbodè ti ń ṣọ́ èrò, ṣe pàtàkì ju gíga ògiri lọ.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 1851 nìyẹn. Gezo, ọba Dàhòmì, ń wá ẹrú tí wọn yóò tà fún àwọn oníṣòwò ní Ouidah létí òkun, níbi tí àwọn Pọtogí, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ti kọ́ ilé odi nítorí òwò náà. Àwọn ará ìlú Ìṣàgà, tí wọ́n fi ojú ọ̀rẹ́ gba ogun rẹ̀ lálejò, gbà wọ́n nímọ̀ràn pé kí wọ́n kọlu Abẹ́òkúta lọ́sàn-án gangan ní Ibodè Àrò ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn, níbi tí odi ti le jù, wọ́n sì ta Ẹ̀gbá lólobó. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta, ogun náà já lu ibi tí wọ́n ti ń dúró dè é. Nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá bọ́ aṣọ ọmọ-ogun kan tí wọ́n mú, wọ́n rí i pé obìnrin ni. Ìtìjú pé obìnrin ló ń lé wọn bọ̀ wá sọ ìjà náà di ìbínú, wọ́n sì lé Dàhòmì padà.

Ìṣàgà ló jìyà rẹ̀: Glele, ọmọ Gezo, pa ìlú náà run ní 1862. Nígbà tí òun náà kọlu Abẹ́òkúta ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹta 1864, wọ́n ṣẹ́gun rẹ̀ ní wéré.